Ṣé kí n fi owó àjọ ra projector kí súpáfáísọ̀ tó padà wá?

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tíṣà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń kán mi lójú.

Mo ń ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà, lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi, ọmọ 48 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa pé máàkì wà fún ẹni tó bá lo ẹ̀rọ ìgbàlódé kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé súpáfáísọ̀ ń bọ̀, orí ìdá ni mo wà nínú ìṣirò, mo bá fi dátà tó yẹ kí n lò fún ọ̀sẹ̀ kan daúnlóòdù fídíò kan. Òyìnbó kan ló ń gé píṣà sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Mo gbé fóònù mi sókè níwájú kíláàsì. Àwọn tó wà níwájú rí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn gun bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè rí i, ariwo sọ, ohùn fídíò náà ò sì ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Kí n tó tò wọ́n padà síjòókòó, agogo ti dún. Súpáfáísọ̀ ò bá mi wí o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí máàkì tí wọ́n fún mi, oúnjẹ ọ̀sán ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ibi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà yìí, orí pátákó ni wọ́n ti ya kọ̀ǹpútà fún wa. A há orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sórí, a ṣe ìdánwò, a yege. N kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí níbẹ̀.

Ní ìparí oṣù yìí, ó máa kàn mí láti kó àjọ, 120,000 náírà. Èmi àti ìyá mi tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo la jọ ń dá a. Projector kékeré, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ni mo fẹ́ fi rà. Ọ̀rẹ́ mi ní laptop ni kí n rà. Súpáfáísọ̀ ṣì máa padà wá. Ẹ bá mi dá sí i: kí ni kí n rà tí ìkọ́ni mi á fi dára sí i?

Ẹlẹ́rọ Ìgbógbó:

Kí o tó ra ohunkóhun, wo ògiri kíláàsì yẹn. Ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀? Bó bá wà, ṣé iná máa ń wá lásìkò ilé ẹ̀kọ́? Projector tí owó yẹn máa rà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò lágbára. Nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ ò ní kọ́tìnì, lọ́sàn-án gangan, ńṣe ni àwòrán á ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yẹn bá ní kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́, wádìí nípa Kolibri, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, fóònù àti tablet tó wà nítòsí sì lè gba ẹ̀kọ́ náà láti inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ìyẹn á sàn ju kí o máa fi dátà ara rẹ kọ́ ọmọ ìjọba.

Mọ́mì Tíṣà, Ìkòròdú:

Ọmọ mi, má ra nǹkan kan. Fi owó àjọ sílẹ̀. Fóònù tí o ní yẹn tó iṣẹ́ ṣe, ibi tí o kọjú rẹ̀ sí ni kò tọ́. Àwọn ọmọ lo kọjú rẹ̀ sí. Ara rẹ ni kí o kọjú rẹ̀ sí.

Ọdún kẹtàlélógún mi rè é lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Ìkòròdú níbí ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ TP tó ti gba abẹ́ mi kọjá ò lóǹkà. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ní kí kálukú gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí fóònù kí a lè fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp. Inú pálọ̀ mi ni mo ti gba tèmi. Kò sí ọmọ kankan níwájú mi, ó dùn ún gbọ́. Nígbà tí a wọlé padà, mo ní kí n máa gbà á nínú kíláàsì gan-an, kí àwọn ọmọ tí ara wọn ò bá yá lè rí i nílé. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé, mo fi agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn. Nígbà tó di alẹ́, mo jókòó wò ó. N kò fojú ba oorun lọ́jọ́ náà.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló lè sọ fún mi, kí ni ìdajì 18?" Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, mo ti dáhùn: "Mẹ́sàn-án, àbí?" Gbogbo kíláàsì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" Mo bi òmíràn, mo tún dá ara mi lóhùn. Ìbéèrè 24 ni mo kà nínú ìṣẹ́jú 10. Mẹ́ta péré ni ọmọ dáhùn nínú rẹ̀, ọmọ kan náà ló sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jókòó ti tábìlì mi. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún nà án. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé orí lé tábìlì. Ọmọ yìí gan-an ni mo kọ sínú káàdì rẹ̀ ní tẹ́ẹ̀mù tó ṣáájú pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi tí wọ́n fún mi ní máàkì tó dáa, torí pé nóòtù mi mọ́, ohùn mi sì lọ sókè. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí, bí wọ́n bá sì sọ ọ́, màá jiyàn.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun o. Lọ́dún 1963, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Dwight Allen àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí micro-teaching. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà á kọ́ ọmọ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á gbà á sórí fídíò, á wo ara rẹ̀, wọ́n á bá a sọ ohun tí wọ́n rí, á sì tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Èmi náà ṣe micro-teaching nígbà tí mo ń ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ṣe é, kò sí kámẹ́rà, kò sì sí pé a tún un kọ́. A dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa, a pè wọ́n ní ọmọ kíláàsì kejì, wọ́n dáhùn bí ọmọdé, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó parí. Ohun tó jẹ́ egungun ẹ̀yìn iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n fò dá. Nígbà náà, a lè ní kámẹ́rà wọ́n. Lónìí tí fóònù wà lápò akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo, kí ni àwáwí wa?

Obìnrin Amẹ́ríkà kan tún wà, Mary Budd Rowe. Ó gba ohùn àwọn tíṣà sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì wọn bí wọ́n ṣe ń dúró tó bí wọ́n bá ti bèèrè nǹkan. Kò ju bíi sẹ́kọ́ńdì kan lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ láti dúró tó sẹ́kọ́ńdì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Sẹ́kọ́ńdì 3 péré! Mo rò pé yóò rọrùn, àfi ìgbà tí mo dán an wò. Kíláàsì dákẹ́, àyà mi ń já, ẹnu ń yún mi. Mo wá ń fi àtàǹpàkò ka ìka mẹ́ta sẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì mi kí n tó lè pa ẹnu mọ́. Títí dòní ni mo ṣì ń kà á.

Ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn, mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo dúró dè é. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé bó ṣe rò ó, ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí mo ti fo nǹkan nínú ẹ̀kọ́ mi.

Nítorí náà, gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ná, sì sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Má gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí status o, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá wò ó tán, pa á rẹ́. Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já a. Ìṣẹ́jú 10 tó. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o gbé e sí, níbi tó ti máa rí ìwọ àti àwọn ọmọ. Nígbà tí o bá ń wò ó, mú bírò àti ìwé, má wo aṣọ rẹ, má wo bí ohùn rẹ ṣe rí. Ìbéèrè mélòó lo bi? Ta ló dáhùn? Ṣé o dúró? Lọ́jọ́ kejì, mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, kí o tún ìyẹn ṣe.

Tíṣà Àgbádárìgì:

Mo gbà pẹ̀lú Mọ́mì, àfi ibì kan. Wíwo ara ẹni kì í rọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba ara mi sórí fídíò, mo wo ìṣẹ́jú méjì, ojú tì mí, mo pa á rẹ́, n kò sì gbà á mọ́ fún ọdún kan gbáko. Àbúrò mi, ohùn nìkan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Fi fóònù sápò, kí o máa kọ́ wọn lọ. Ojú ọmọ ò sí níbẹ̀, àyè tó máa gbà nínú fóònù ò sì pọ̀.

Ohùn ló là mí lójú. Níbí ní Àgbádárìgì, Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi ń sọ nílé. Nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo gbọ́ ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń fi Ègùn ṣàlàyé ẹ̀kọ́ mi fún ara wọn. Mo gbọ́ Ègùn díẹ̀, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àlàyé wọn dáa ju tèmi lọ. Ariwo ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, mo sì ti na àwọn ọmọ rí torí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn wá láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn, nínú èdè Òyìnbó pàápàá. Mo ka èyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò. Fóònù inú àpò mi ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Àwọn tó ń kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó yẹ kí wọ́n máa gba ara wọn sílẹ̀. Bí olùkọ́ àgbà bá jẹ́ kí a gbọ́ àṣìṣe tirẹ̀, a ò ní bẹ̀rù tiwa.

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì. Ẹ ṣé, bọ̀dá. Ọ̀gá wa gbà fún mi, mo sì ṣe é lánàá. Ohùn nìkan ni mo gbà.

Orí ìdá náà ni mo wà. Mo ní kí n fi ohun tí wọ́n mọ̀ kọ́ wọn dípò píṣà, mo bá ya ẹja gbọọrọ kan sójú pátákó. Mo fa ìlà mẹ́ta sí i: orí, àyà, ikùn, ìrù. Mo ní ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ, inú mi ń dùn, mo rò pé mo ti rí i ṣe.

Lálẹ́, mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, mo gbọ́ ọ. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ọmọbìnrin kan sọ pé, "Àǹtí, orí tóbi ju ìrù lọ. Kò dọ́gba." Ó hàn ketekete. Ohùn tèmi ló tẹ̀ lé e: "Ẹ dákẹ́, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀." Mo fi Ọlọ́run búra, n kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ ohun tí ìdá jẹ́, mo sì ní kó dákẹ́.

Mo jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ti bá wa dé ìdí igbá rí. Ta ló máa gba ìrù kó san owó orí?"

Mọ́mì, mo fẹ́ tún un kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ máa wà níbẹ̀. Ṣé kí n fi ẹja sílẹ̀ ni, kí n mú búrẹ́dì?

Mọ́mì Tíṣà, Ìkòròdú:

Mú méjèèjì. Ẹja gidi ni kí o kọ́kọ́ gé níwájú wọn, kí o gbé ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni kí o mú búrẹ́dì, kí àwọn fúnra wọn sọ ibi tí ọ̀bẹ á gbà tí yóò fi dọ́gba. Pe ọmọbìnrin yẹn jáde. Sọ fún un níṣojú gbogbo wọn pé òun ló sọ òótọ́ lọ́jọ́sí, ìwọ lo kò gbọ́. Súpáfáísọ̀ á gbọ́ ọ, jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà, bi ìbéèrè rẹ, kí o sì ka ìka mẹ́ta.