Kí lojú yín ti rí lọ́wọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè
Ẹ kú ilé o. Lọ́dún tó kọjá mo jókòó ti ìyá ìyá mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń kọ oríkì ìdílé wa sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kì í. Ojú ìwé 14. Editor (ohun ìkọ̀wé) kékeré tó bá laptop wá ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo fẹ́ fi pamọ́, ó gbé ìkìlọ̀ kan wá, èmi ò kà á, mo tẹ OK. Ìgbà tí mo ṣí i padà, à wà níbẹ̀, é wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àmì ìbéèrè. "Ọmọ ọba" di "?m? ?ba". Àfi bíi pé kọ̀ǹpútà ń bi mí bóyá ọmọ ọba ni wá lóòótọ́. Kí lojú tiyín ti rí? Kí lẹ sì ṣe fún editor yín tó fi gbọ́ràn?

Dotun_vim
ANSI, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, lo fi pa á mọ́. Ilé oníyàrá 256 ni. À àti é ní yàrá níbẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ ò ní, wọ́n wá fi ? dípò wọn. Pẹ̀lẹ́ o. Lọ́jọ́ míì, kó o tó tẹ Save, wo ibi tí wọ́n kọ Encoding (ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà) sí, kó o mú UTF-8, ìyẹn ní yàrá fún gbogbo lẹ́tà wa.

Ìyá_Ìbejì_Adó
Kọ̀ǹpútà ń bèèrè bóyá ọmọ ọba ni wá 😂😂 ẹ gbà mí o

Ṣẹ́gun_Peckham
Tèmi tún yàtọ̀. Níbi tó yẹ kí n rí ẹ, áº¹ ni mo rí. Lẹ́tà ṣ wá di á¹£! Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní London ni o, àmì owó pọ́n-ùn kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Akápò wa pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ta la jẹ lówó.

Dotun_vim
@Ṣẹ́gun tìẹ ò bàjẹ́ rárá. Báìtì mẹ́ta ni ẹ nínú UTF-8: E1 BA B9. Editor rẹ ló ka ẹyọ kan sí ẹni mẹ́ta, torí ó rò pé Windows-1252 (ANSI yẹn náà) ni fáìlì náà. Nínú Vim, editor tèmi, tẹ `:e ++enc=utf-8`. Nínú VS Code, editor mìíràn, tẹ orúkọ encoding tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mú Reopen with Encoding, lẹ́yìn náà UTF-8. Àmọ́ má tẹ Save kó o tó ṣe é o!

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè
Ṣé èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Dotun_vim
Rárá. Tìẹ, lẹ́tà yẹn ò sí nínú fáìlì mọ́. ? gan-an ló wà níbẹ̀.

Àgbà_Akọ̀wé
Ọmọdé lẹ̀ ń ṣe. Ní 2003, nígbà tí mò ń tẹ ìwé àṣekágbá mi, kò sí UTF-8 kankan lẹ́nu wa. Fọ́ǹtì ni wọ́n máa ń tà fún wa, inú flópì ló wà. Ẹni tó ṣe é kàn yọ àmì [ kúrò lójú ẹ̀ ni, ó ya ẹ síbẹ̀, ó ya ọ sórí ]. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, Yorùbá dùn ún wò. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lójú ọ̀nà ilé ìwé, wọn ò ní fọ́ǹtì yẹn, ni wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà márùn-ún, wọ́n tún di í pọ̀. Ọ̀gá mi ṣí i, wọ́n wò mí, wọ́n ní "ṣé mathimátíìkì lò ń kọ́ ni?" Owó ìdìwé yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìyá_Ìbejì_Adó
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà 😂

Kẹ́mi_Atúmọ̀
Èmi ò sọ nǹkan nù rí, àmọ́ mo ti rí àràmàǹdà. Ìwé ìlera kan ni, àwa mẹ́ta la jọ túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kí n yí "ẹ̀jẹ̀ ríru" padà sí "ìfúnpá gíga" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ṣe Replace All, ó ní mẹ́sàn-án lòun rí. Mo wá ń kà á, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wà káàkiri! Mo wò wọ́n títí, ojú kan náà ni wọ́n ní.

Alákọrí_ni_mí
Ta ló ń sọ ìfúnpá gíga? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo ayé mọ̀.

Kẹ́mi_Atúmọ̀
Oníbàárà ló ní ká lò ó. Owó ẹ̀ ni mò ń jẹ.

Alákọrí_ni_mí
Ìyá mi tó ní in ò mọ̀ ọ́n o. Ẹ sọ fún wọn pé ìfúnpá wọn ga, wọ́n á ní àwọn ò wọ ìfúnpá.

Dotun_vim
😂 Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. @Kẹ́mi, Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ò ní ẹ̀ ní odidi. Ẹnìkan lè kọ ẹ (U+1EB9) kó gbé àmì ohùn (U+0300) lé e, ẹlòmíì lè kọ è (U+00E8) kó fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, Find dá wọn mọ̀. Gbé kọ́sọ̀ sórí ẹ̀ nínú Vim, tẹ `ga`, wàá rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan; Python, èdè tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní `unicodedata.normalize` fún un.

Kẹ́mi_Atúmọ̀
Mo ti ṣe NFC. Ó ṣì ku mẹ́rin.

Dotun_vim
Á jẹ́ pé ẹnìkan nínú yín fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán (U+0329) sábẹ́ e, kì í ṣe tóótó. NFC ò ní fọwọ́ kan ìyẹn láé, àmì ọ̀tọ̀ ni lójú Unicode. Ọwọ́ lo máa fi yí i.

Kẹ́mi_Atúmọ̀
Mo mọ ẹni náà. Mo ń pè é báyìí.

Àgbà_Akọ̀wé
Ẹ má bá a jà. Ìlà yẹn wà nínú ìwé àtijọ́ dáadáa.

Emacs_ni_temi
Kíbọọ̀dù àwọn ará Vietnam ni mo fi ń kọ Yorùbá. Nínú Emacs, editor tèmi (C- ni Ctrl, RET ni Enter), `C-u C-\` lẹ́yìn náà `vietnamese-viqr`. Tẹ e àti tóótó, ẹ dé. O àti tóótó, ọ dé. ṣ nìkan ni wọn ò ní, `C-x 8 RET 1e63` ni mo fi ń pè é.

Ṣẹ́gun_Peckham
Ẹ̀rín pa mí. Ẹ́ ńkọ́?

Emacs_ni_temi
Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn, tóótó ìsàlẹ̀ gan-an ni àmì ohùn, kò lè bá òmíràn gbé pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró, màá tẹ 0301 (àmì ohùn òkè) lé e.

Kẹ́mi_Atúmọ̀
Àwọn sì ní ệ ní odidi o! Àwa ò ní ẹ́.

Ọmọ_Kétu
Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ẹ kú wàhálà. Ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́dọ̀ wa, ɛ àti ɔ la fi ń kọ: ɔmɔ, ɛja. Kò sí tóótó, kò sí ìlà.

Dotun_vim
Àmì ohùn ńkọ́? ɔ́ yín náà méjì ni.

Ọmọ_Kétu
…a kì í sábà fi sí i.

Alákọrí_ni_mí
Ẹ ṣeun! Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ má fi àmì kankan sí i, gbogbo wa la máa kà á.

Ìyá_Ìbejì_Adó
Ẹ̀gbọ́n wa fi SMS ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí: "Ipade lori ogun baba wa, Satide." Àbúrò bàbá wa kan tó wà ní Kánò dáhùn pé "ta là ń bá jà?" Wọ́n ti ń wá mọ́tò bọ̀ o.

Alákọrí_ni_mí
😂😂 mo gbà

Dotun_vim
Ẹ̀gbọ́n yẹn ń ṣọ́ owó ni. Lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà, tó o bá fi ẹ kan ṣoṣo sínú ẹ̀, ó di 70.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkirè
Mo pe màmá àgbà. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Àìkú, àwọn á tún un kì. Wọ́n ní ká má gbé ẹ̀rọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà wá mọ́.

Ọmọ_Kétu
Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ohùn wọn náà wà níbẹ̀.

Ṣẹ́gun_Peckham
@Dotun ó ti ṣiṣẹ́ o, pọ́n-ùn ti lọ. Àmọ́ àmì ohùn ò dúró sórí lẹ́tà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wà. Fọ́ǹtì wo lò ń lò?

Dotun_vim
DejaVu Sans Mono. Gbìyànjú ẹ̀ ná.