Ìlera ọpọlọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa?

Alága_Wọ́ọ̀dù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù wa nítòsí Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, fẹ́ kí ìtọ́jú ìlera ọpọlọ ọmọ kéékèèké wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa. Nọ́ọ̀sì méjì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí dókítà. A gbé pátákó "Ìlera Ọpọlọ Ọmọdé, Ọjọ́bọ̀" síta fún oṣù méjì, ìyá mẹ́ta péré ló yọjú. Kí ni kò tọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ẹ tètè yọ pátákó yẹn. Ta ló máa gbé ọmọ kọjá lójú àdúgbò wọ ibi tí wọ́n kọ "ọpọlọ" sí? Aro ni gbogbo wọn máa rò. Ẹ pè é ní àyẹ̀wò ìdàgbàsókè ọmọ, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí àwọn ìyá ti ń wá lọ́jọ́ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ìyá lẹ máa kọ́kọ́ wò, ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé EPDS, tí à fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, ní ìbéèrè 10 nípa bí ara àti ọkàn rẹ̀ ṣe rí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ kà á fún un níbi tí ìyá ọkọ kò sí. Ìbéèrè kẹwàá dá lórí èrò láti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Òṣìṣẹ́ a máa fò ó nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ òun ló le jù. Bí ìyá bá ní èrò náà wá, kódà fìrí, ẹ má wo àròpọ̀ máàkì: ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà.

Ti ọmọ ni M-CHAT-R, ìwé tí à fi ń wá àmì ọ́tísíìmù (autism), ìbéèrè 20, láti oṣù 16 sí 30. Abẹ́rẹ́ oṣù 15 ti yá jù fún un, nítorí náà ẹ lo ọjọ́ fítámì Éè, tí à ń fún ọmọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. "Rárá" ló ń gba máàkì, àfi ìbéèrè 2, 5 àti 12 tó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ibẹ̀ ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú. Máàkì 0 sí 2, ẹ fọkàn balẹ̀, àmọ́ bí kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ tún un ṣe tó bá pé. 3 sí 7, ẹ fi ìbéèrè àtẹ̀lé tó bá ìwé náà wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá. 8 sókè, ẹ kọ lẹ́tà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Olùkọ́_Jẹ́léósinmi
Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè nínawọ́ sí nǹkan. Ìyá á ní "ó ń nawọ́", ọmọ sì ń na ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n gbé e ni. Ìka kan là ń bèèrè. Ẹ fi ìka yín hàn án. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi "a kì í wo àgbà lójú" tàbí "ọkùnrin a máa pẹ́ fọhùn" pa yín lẹ́nu mọ́: ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kò tíì mọ ẹ̀kọ́ yẹn. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, kì í ṣe ẹni à ń dúró wò rárá. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, pàápàá bí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú ní ìkókó.

Alága_Wọ́ọ̀dù
Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ UCH, ilé ìwòsàn ńlá, kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ àwọn tí a kọ lẹ́tà fún kì í débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ṣé "UCH" nìkan lẹ kọ sórí ẹ̀? Ẹ kọ ẹ̀ka náà: ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá á tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ máàkì ọmọ náà sí i. Kí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ bá a lọ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ àti ti aládùúgbò kan, kí ẹ pè é ní ọjọ́ kẹrìnlá. Owó ọkọ̀ tàbí baálé ilé ló sábà máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ pe baálé wá nígbà tí ẹ bá ń fún un ní lẹ́tà.

Kó tó kàn án níbẹ̀, ẹ̀kọ́ òbí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) wà fún ọmọ ọdún 2 sí 9: ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò ilé 3. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá dá lẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é láìsí dókítà. Ẹ má fi sí ọjọ́ ọjà o.

Ìyá_Ìjọ
Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti dé ilé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ àlùfáà. Ẹ má ní kí ìyá fi àdúrà sílẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má fi ọmọ gbààwẹ̀, kí wọ́n má dè é mọ́lẹ̀. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má fi síbí sí i lẹ́nu. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni, òru ì báà jẹ́.