"Ìsopọ̀" kọ́ o, "ìjúwe" ni: ọ̀rọ̀ lórí fọ́ńṣọ̀n tó ń gbé ìta SQL

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ pé tí SQL, èdè tá a fi ń bá dátábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìsọfúnni sí) sọ̀rọ̀, bá fẹ́ lo kóòdù C, èdè kọ̀ǹpútà míì, tí wọ́n ti kọ̀ǹpáìlì (sọ di èdè ẹ̀rọ) sílẹ̀, ká máa pè é ní "ìsopọ̀", torí "link" làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ má bínú o, àbúrò yín ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò bá a mu rárá.

Ẹ wo nǹkan tí mo máa ń tẹ̀ sínú PostgreSQL, ètò dátábéèsì kan, láti dá fọ́ńṣọ̀n (iṣẹ́ kékeré tó lórúkọ, tá a lè pè) sílẹ̀ fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Lágéré nílé-Ifẹ̀ níbí:

CREATE FUNCTION ka_owo(integer) RETURNS integer AS '/opt/ise/owo', 'ka_owo' LANGUAGE C STRICT;

Kí la so mọ́ kí níbẹ̀? A kàn ń sọ fún dátábéèsì ni pé tó o bá ń wá ka_owo, fáìlì báyìí ló ń gbé, orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé nìyí, èdè C ló gbọ́, tí wọ́n bá sì kó òfo (NULL) lé ẹ lọ́wọ́ má wulẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, òfo náà ni kó o dá padà. Ṣebí júwe ilé nìyẹn, ìdí tí mo fi ní ká pè é ní "ìjúwe"! Db2 pàápàá, ètò dátábéèsì míì, EXTERNAL NAME ló ń kọ, orúkọ ìta, kò pè é ní ìdè kankan. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "ìjúwe" ti sún mọ́ "àpèjúwe" jù, àmọ́ tí màmá bá ní kó o júwe ilé fún àlejò, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọ̀ ọ̀dà ara ògiri.

Lọ́jọ́ kan ọmọ kan túnlé ṣe, ó kó fódà yẹn lọ síbòmíì. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí dátábéèsì ń rí "could not access file "/opt/ise/owo": No such file or directory", àmọ́ ẹnì kan tí ò tíì pa wíńdò tó ti ń fi pe fọ́ńṣọ̀n yẹn látàná, tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ ràì, torí fáìlì ti wọnú mẹ́mọ́rì tiẹ̀ kí wọ́n tó kó o. Tó bá jẹ́ pé a ti so ó pọ̀ ni, ṣé ó máa rí bẹ́ẹ̀? Ilé ló kó lọ, ìjúwe ò yí padà.

Ìsopọ̀ gan-an ti ní ibi tiẹ̀, ìyẹn nígbà tí gcc -shared (gcc ni ètò tó ń kọ̀ǹpáìlì C) ń sọ owo.o, kóòdù tá a ti kọ̀ǹpáìlì, di owo.so, fáìlì tí dátábéèsì lè gbé wọnú mẹ́mọ́rì. Tá a bá wá ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì, tí ọmọ bá gbọ́ pé "ìsopọ̀ ti bàjẹ́", ṣé kó tún kọ̀ǹpáìlì ni àbí kó lọ wo ibi tí fáìlì wà?

Ní ti orúkọ fọ́ńṣọ̀n fúnra ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin láti Iléṣà dábàá "fọ́ńṣọ̀n àjèjì". Mi ò fara mọ́ ọn. Àjèjì ò ní wọ yàrá ẹni, àmọ́ kóòdù C yìí, inú sáfà (ètò tó ń gbé dátábéèsì ṣiṣẹ́) gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, tó bá kú, àwọn tó kù tó wà lórí sáfà náà a já bọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé superuser (ọ̀gá pátápátá lórí dátábéèsì) nìkan ló lè dá a sílẹ̀. "Alágbàṣe" ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá lóko kòkó níbí mọ̀ ọ́n: ìta ló ti wá, àdá ẹ̀ ló mú dání, oko tìẹ ló sì ń ro, tó bá dáná síbẹ̀, oko ẹ ló jó.

Ó ku procedure, ìbátan fọ́ńṣọ̀n tí kò pọn dandan kó mú èsì bọ̀. Fọ́ńṣọ̀n gbọ́dọ̀ mú èsì bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè jókòó sínú SELECT, àṣẹ tá a fi ń béèrè ìsọfúnni, àmọ́ CALL la fi ń pe procedure, PostgreSQL ò tiẹ̀ ní in títí di 2018 tí version 11 jáde. "Ìlànà" tẹ́ ẹ mú wá fún procedure, àwọn ọmọ máa rò pé òfin ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un wá.