Gbogbo ọmọbìnrin Bàbá ló gbà á

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìtùnú. Lórí ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó ń dá kó tó tó àsìkò, tèmi náà rèé.

Ọmọ ọdún 31 ni mí nígbà tí nǹkan oṣù mi kọ́kọ́ fo oṣù mẹ́ta. Mo rò pé oyún ni, àyẹ̀wò ní kì í ṣe oyún. Lẹ́yìn náà ni ooru bẹ̀rẹ̀. Nínú òtútù Manchester, màá jí lóru, aṣọ ìsùn mi á ti rin gbindin. Ọkọ mi á máa fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, èmi á lọ dúró létí fèrèsé.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ sáàárín. FSH mi, hòmóònù tí ọpọlọ fi ń ta ẹyin obìnrin jí, ga bíi ti ẹni tó ti kọjá 50 ọdún. Dókítà wá bi mí pé ǹjẹ́ àgbàlagbà kan wà nínú ẹbí wa tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí ọmọkùnrin tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀?

Ara mi bù máṣọ. Bàbá tó bí màmá mi, tíì kì í dé ẹnu wọn kó má dà sí wọn láyà. Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé wọ́n "fi oògùn ṣe wọ́n" ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọdún márùn-ún kó tó pe ìyá rẹ̀. Nǹkan oṣù màmá mi dá ní 37, wọ́n ní àjẹ́ ni, pé wọ́n ti fi ilé ọmọ wọn ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Àbúrò wọn obìnrin ò rí ọmọ bí, kò sí orí òkè tí wọn ò gbé e lọ.

Jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú ara, ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: FMR1, lórí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì láti ara òbí dé ara ọmọ. Lẹ́tà mẹ́ta, CGG, ló ń tún ara rẹ̀ kọ níbẹ̀. Bí iye ìgbà tó tún ara rẹ̀ kọ bá wà láàárín 55 sí 200, nínú obìnrin márùn-ún tó gbé e, ẹyin ẹnìkan á tán kó tó pé 40. Bó bá kọjá 200, ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà. Tèmi jẹ́ 92. Bàbá kì í fún ọmọkùnrin ní X, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin rẹ̀ tí kì í gbà á.

Mò ń lo hòmóònù báyìí nítorí egungun mi. Mo sì ń retí ọmọ, torí ẹyin ṣì máa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo pe màmá mi lórí fídíò, mo ṣàlàyé tán, wọn ò fèsì. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú fóònù sí àwòrán bàbá wọn lára ògiri. "Bàbá, ẹ gbọ́? Kò sẹ́ni tó ṣe yín."