Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fa kálísíọ̀mù kúrò nínú egungun Màmá mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́yìn Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ Màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá òsì ló mú. Alhamdulillah, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé wa ní Ayétòrò níbí, ọ̀rọ̀ sì já gaara lẹ́nu wọn. Amlodipine ni dókítà fún wọn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú aspirin kékeré àti èyí tó wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London wá fi ìgò kálísíọ̀mù ńlá kan ránṣẹ́. 600 mg ni hóró kan, méjì lójúmọ́. Wọ́n ní egungun Màmá ti ń gbẹ, pé òun ló fà á tí orúnkún fi ń dùn wọ́n. Ibi tí a wà nìyẹn tí aládùúgbò wa kan fi ka ìwé inú páálí amlodipine, tó rí i pé oògùn náà máa ń dínà kálísíọ̀mù. Ló bá sọ fún Màmá pé oògùn yẹn gan-an ló ń jẹ egungun wọn, kí wọ́n jù ú nù. Màmá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju tèmi tí mò ń dáná fún wọn lọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn ò fẹnu kan amlodipine mọ́, kálísíọ̀mù ni wọ́n ń gbé mì.

Ẹlòmíì tún sọ ní àsàlátù pé kálísíọ̀mù ló ń dí iṣan ọkàn, pé òun ló ń fa rọpárọsẹ̀. Èwo ni kí n gbà? Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sanwó oògùn, òun náà ló ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo kọ ẹ̀bùn wọn.

Ìyá Ìbejì Agric
Ẹ̀n-ẹ́n! Aládùúgbò ti di dókítà. Bí nǹkan bá ṣe Màmá lóru, ṣé òun ló máa wá mọ́tò? Ẹ fún wọn ní oògùn wọn jàre.

Nọ́ọ̀sì Títí
Àbúrò mi, ẹ ti wọn BP Màmá lónìí? Bí ẹ̀rọ kò bá sí nílé, ẹ gbé wọn lọ sí kẹ́mísì tó súnmọ́ yín báyìí, kí ẹ wá kọ iye rẹ̀ síbí. Bí ẹnu wọn bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, tàbí tí ahọ́n wọn lọ́, ẹ má dúró de èsì mi rárá. Ọsibítù lẹ ń lọ. 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìwòsàn Àdáyébá
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ní kálísíọ̀mù olómi tó ń fọ iṣan, tó ń lé rọpárọsẹ̀ lọ pátápátá láàárín oṣù kan. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì...

Alábòójútó ẹgbẹ́
A ti dí ẹni òkè yìí lẹ́nu. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àbíkẹ́yìn Ẹ̀pẹ́
Nọ́ọ̀sì, a ti dé kẹ́mísì. 168/102 ni. Wọ́n ní kí a jókòó díẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n, 164/100. Ẹnu wọn kò wọ́, wọ́n ń bá ọmọ kẹ́mísì ṣeré.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ó dáa. Ó ga, pàápàá fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí. Ẹ fún wọn ní amlodipine wọn lónìí bí dókítà ṣe kọ ọ́. Ẹ má fún wọn ní méjì láti fi dí àwọn tí wọ́n fò. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gbé wọn lọ sí jẹ́nẹ́rà, kí ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, ìgò London náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá aládùúgbò yín lóhùn. Òótọ́ ni pé amlodipine ń dínà kálísíọ̀mù, àmọ́ kì í ṣe nínú egungun. Ara iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ní ẹran tó lè sún kì. Bí kálísíọ̀mù bá wọnú ẹran yẹn, á sún kì, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há, BP á gòkè. Amlodipine á pa ilẹ̀kùn tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé yẹn dé díẹ̀, iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́nà kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Bí a bá pín kálísíọ̀mù ara ènìyàn sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 99 ló wà nínú egungun àti eyín, amlodipine kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ló ń mú kí ọkàn lù, kí ọpọlọ lè ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì dì bí ọ̀bẹ bá gé wa. Àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin kan wà ní ọrùn wa tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bí oúnjẹ wa kò bá pèsè tó, egungun ni wọ́n á ti lọ yá a. Bí ẹni kan kò bá jẹun dáadáa fún ọdún pípẹ́, egungun rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ má di ẹ̀sùn yẹn ru amlodipine.

Ohun tí amlodipine sábà máa ń ṣe tí kì í dùn mọ́ aláìsàn nínú ni ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ Màmá. Bó bá ń wú, ẹ sọ fún dókítà, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó ń bí àgbàlagbà nínú sí oògùn nìyẹn, wọn ò kàn ní sọ ọ́. Aládùúgbò á wá fún wọn ní àwáwí.

Ti orúnkún: lọ́pọ̀ ìgbà, kèrekère tó wà láàárín egungun ló ń jẹ kúrò bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Kálísíọ̀mù kì í tún ìyẹn ṣe.

Àbíkẹ́yìn Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹsẹ̀ wọn wú lóòótọ́! Bàtà wọn kò wọlé mọ́, wọ́n ní iyọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àsàlátù wá ńkọ́?

Apoògùn Àgbà
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn sọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oògùn, Ìkòròdú ni mo fi ṣe ibùjókòó. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán.

Kálísíọ̀mù wà nínú ìdọ̀tí tó máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan ọkàn lóòótọ́, àwọn dókítà tilẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara kà á. Àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti àtọ̀gbẹ ló ń dá iṣan lọ́gbẹ́. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni kálísíọ̀mù wá ń jókòó sí. Wàrà tí ẹ mu láàárọ̀ kọ́ ló lọ dí iṣan.

Ti ọpọlọ tún yàtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò ní ní agbára láti lé kálísíọ̀mù síta mọ́. Á ya wọlé, á sì máa pa wọ́n láti inú. Ìdí kan nìyẹn tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ni. Kódà bí ẹni náà kò bá mu wàrà rí láyé rẹ̀, á ṣẹlẹ̀. Oògùn kan wà tó jẹ́ ìbátan amlodipine, nimodipine ni. A máa ń fún àwọn tí iṣan bẹ́ sórí awọ ọpọlọ wọn fún ọjọ́ 21. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, kò ṣiṣẹ́.

Hóró inú ìgò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan tó jẹ́ ará New Zealand ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ìdánwò 11 pọ̀. Àwọn tó lo hóró kálísíọ̀mù láìsí fítámì D pẹ̀lú rẹ̀ ní àrùn ọkàn òjijì ju àwọn tí kò lò ó lọ pẹ̀lú bíi ìdá 30 nínú 100. Àwọn mìíràn ta kò ó, wọ́n ní kò séwu níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá ju 2,000 sí 2,500 mg lọ lójúmọ́. Wọ́n ṣì ń jà á. Èyí tó kan Màmá yín jù ni ti Sweden, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n tẹ̀lé obìnrin 700, ẹni ọdún 70 sí 92, fún ọdún 5. Nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí, ewu kí arúgbó máa ṣarán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 7 lára àwọn tó ń lo hóró náà. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ kò mú rí, tí kò sì sí àpá nínú ọpọlọ wọn, kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Wíwò ni wọ́n wò wọ́n o, wọn ò pín oògùn fún wọn, nítorí náà a ò lè búra pé hóró ló fà á. Èmi, bó bá jẹ́ ìyá mi, ìgò yẹn á wà lórí àga títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ bi wọ́n bóyá Màmá ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi Moduretic. Òun àti kálísíọ̀mù púpọ̀ lè mú kí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ga jù: òùngbẹ, àìrígbẹ́ yà, kí nǹkan dàrú mọ́ wọn lójú.

Bàbá Sàdíà
Ẹ fi òkúta inú kíndìnrín kún un. Mo ti gbé e rí. Mi ò lè fi ṣépè fún ọ̀tá.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo
Ẹ̀yin ará ibí yìí náà, ní Ẹ̀pẹ́ lẹ ti ń wá kálísíọ̀mù sínú ìgò? Ẹ wá sí ọjà Olúwo! Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń rún mọ́ egungun ńkọ́, edé ńkọ́? Ẹ yan sáwá kó gbẹ dáadáa, ẹ gún un mọ́ egungun, ẹ dà á sínú ewédú. Màmá ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àwọn ń jẹ egungun.

Apoògùn Àgbà
Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́. Ti oúnjẹ ni kò ní ìjà nínú. Obìnrin tó bá ti lé ní 50 nílò bíi 1,200 mg lójúmọ́, oúnjẹ àti hóró lápapọ̀. Ife wàrà kan á fún un ní nǹkan bíi 300. Agolo sàdíìnì tí a jẹ tegungun-tegungun, ó lè lé ní 300. Hóró London méjì yẹn nìkan ti jẹ́ 1,200, kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Ẹja oníyọ̀ nìkan ni kí wọ́n yẹra fún, nítorí BP.

Alhaji Ìtamagà
Ẹ ti yanjú ti oògùn, ẹ jẹ́ kí n yanjú ti ẹ̀gbọ́n. Má lọ sọ fún un pé "àwọn ará Facebook ní kí n má fún wọn." Ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ọmọ tó wà lókè òkun kò rí ìyá rẹ̀, oògùn ni ọ̀nà tó mọ̀ láti fi tọ́jú wọn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́la, pè é lórí fóònù, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀. Kí o sì ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tó lè fowó rẹ̀ ṣe.

Àbíkẹ́yìn Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti dé láti jẹ́nẹ́rà. BP ti ń sọ̀ kalẹ̀. Dókítà dín amlodipine kù nítorí ẹsẹ̀ wíwú, ó fi oògùn mìíràn tì í, ó ní kí a padà wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wo kálísíọ̀mù, fítámì D àti kíndìnrín. Ó ní kí hóró dúró kí èsì tó jáde, pé bó bá wà nínú ohun tí wọ́n nílò, òun fúnra òun ló máa kọ iye rẹ̀. Ó tún ní egungun apá òsì máa ń fẹ́lẹ́ lára ẹni tí kì í fi í ṣiṣẹ́, nítorí náà fisiotẹ́ráfì ni Màmá nílò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n wá ní owó ìgò tó kàn ni àwọn á fi san ti fisiotẹ́ráfì. Màmá ní bí wọ́n bá lè rí obìnrin ṣe é, á tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ta ló mọ fisiotẹ́ráfísìtì obìnrin tó ń wá sílé ní apá Ẹ̀pẹ́ tàbí ọ̀nà Ìtòìkín?