Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tún jíìpù yìí ṣe fún fìsíìtì, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń béèrè, ni, àbí kí n tà á?

Àgbẹ̀ Kétu:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Land Cruiser HZJ75 ti ọdún 1994 ni mo ní. Bàbá mi ló rà á ní àlòkù kí wọ́n tó papò dà. Òun la fi ń kó àgbàdo àti gàrí láti oko wa lọ́nà Ìlárá wá sí Kétu. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan kì í gba ọ̀nà yẹn, ẹrẹ̀ pupa ibẹ̀ á gbé e mì ni.

Ìwé fìsíìtì rẹ̀ tán lóṣù tó kọjá. Mo gbé e lọ, kò yege. Wọ́n ní bíréèkì ẹ̀yìn kò dọ́gba, ti òsì kò mú tó ti ọ̀tún. Wọ́n ní iná iwájú ò tàn dáadáa, èéfín rẹ̀ dúdú jù, ọwọ́ ìtukọ̀ sì ń mì. Mẹkáníìkì àdúgbò wa wò ó, ó ní 410,000 sẹ́fà: kí a pààrọ̀ gbogbo bíréèkì ẹ̀yìn, kí a tú páǹpù dísù, kí a ra iná tuntun méjì. Owó àgbàdo ọdún yìí ò tíì wọlé. Ìyàwó mi ní kí n tà á, kí n fi ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Mi ò fẹ́ ta ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ jẹ gbèsè nítorí irin. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Elélùbọ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Kí ẹ tó tà á, ẹ ṣírò iye tí ẹ máa san fún ọlọ́kọ̀ tó máa bá yín kó ẹrù ní òjò méjì péré. Mo ta tèmi lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mò ń dúró dè títí di òní, àbámọ̀ ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nínú mi.

Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ yọ táyà ẹ̀yìn òsì, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, irin róbótó tó bo bíréèkì. Bí inú rẹ̀ bá ti rin, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì dífù, ìyẹn àpótí eyín-irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, máa ń ki, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Omi bíréèkì ṣàn jù ú lọ, kì í rùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀.

Bó bá jẹ́ ti dífù, ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ló ń jò. Ẹ má kàn pààrọ̀ síìlì kí ẹ máa lọ o. Ẹnu ìmí kékeré kan wà lórí irin ẹ̀yìn níbi tí dífù wà. Bí dífù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó gbà jáde. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, ọ̀dọ̀ síìlì ni afẹ́fẹ́ á ti ọ́ìlì sí, ọ́ìlì á bọ́ sórí láínìnì, ìyẹn awọ bíréèkì tó ń fún dúrọ́ọ̀mù mọ́, táyà yẹn ò sì ní mú mọ́. Ẹni tí kò bá tú ẹnu ìmí yẹn, síìlì tuntun á tún jò mọ́ ọn lọ́wọ́. Láínìnì tó ti mu ọ́ìlì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ fún yín. Ẹ pààrọ̀ ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀, torí tuntun níhìn-ín, àtijọ́ lọ́hùn-ún, wọn ò ní dọ́gba lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Ní ti èéfín, ẹ́ńjìnnì 1HZ, lítà 4.2, kò ní túbò, kò le láti wò. Fílítà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́súù, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Páǹpù ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti páǹpù bẹ̀rẹ̀, owó yín ló fẹ́ ná.

Awakọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì yẹn. Tèmi ni pé kí ẹ má fi ọwọ́ ìtukọ̀ ṣeré, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Kí ẹnìkan máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kí ẹnìkejì wà lábẹ́ ọkọ̀ kó máa wo táì-ròdù, ọ̀pá irin tó ń yí táyà iwájú, àti bóṣì sípíríǹgì, rọ́bà ìdí sípíríǹgì. Èyí tó bá ń mì ṣáájú kí táyà tó yí, òun ló ti jẹ.

Iná róbótó inṣi 7 yẹn, gíláàsì ni, kò ṣeé fi oògùn nù bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ ha ìdí wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀ kó mọ́ kí ẹ tó ra òmíràn. Ìpẹtà ibẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó ṣe bàìbàì.

Bàbá Ìpóbẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó bèèrè ṣásíìsì, irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Ẹ fi òòlù kàn án yí ká, pàápàá níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Bó bá dún gan-an-gan, ẹ náwó. Bí òòlù bá ń wọlé, ẹ tà á, ìyàwó yín ló gba ọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ Kétu:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣásíìsì le koko, bàbá. Ọ́ìlì dífù ló kún inú dúrọ́ọ̀mù, òórùn ẹyin yẹn gan-an! Ẹrẹ̀ ti gan sínú ẹnu ìmí bí bíríkì. Abẹ́rẹ́ àpò ni mo fi gún un, ó sì mí “fùú” sí mi lójú. Síìlì, láínìnì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, táì-ròdù kan àti owó iṣẹ́ jẹ́ 96,000. Wáyà iná nìkan ni mo ha, ó ti ń tàn kedere. Mo pààrọ̀ fílítà, èéfín ti dínkù, àmọ́ ó ṣì dúdú bí mo bá tẹ epo láàárọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ padà lọ. Ṣé kí n tú nọ́súù?

Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́:
Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú dáadáa kó gbóná dénú kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má sì pa á sórí ìlà. Bí wọ́n bá ṣì kọ èéfín sílẹ̀, ẹ mú nọ́súù náà wá fún mi ní Àjàṣẹ́, a ó dán an wò lójú yín kí ẹ tó ra ẹyọ kan.