Ìtàn Sùúrùlérè àti LEDB: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Sùúrùlérè: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kọ ìtàn bí Sùúrùlérè ṣe di àdúgbò sílẹ̀ fáwọn ọmọ mi, pàápàá ti LEDB (Lagos Executive Development Board, àjọ ìtòlú Èkó) tó kọ́ àwọn ẹsíteètì ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n kà, ta ni kí n lọ bá?

Bàbá Àkẹ́rẹ́lé: Ọmọ mi, Ìsàlẹ̀ Èkó ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Sùúrùlérè. 1928 nìjọba òyìnbó dá LEDB sílẹ̀ lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa èèyàn l'Ékòó, kí wọ́n lè tún ìlú tò, àwọn náà ni wọ́n to Yábàá. Èyí tó gbé èèyàn dé Sùúrùlérè gan-an ni ti 1955, òmìnira ti ń sún mọ́lé, ìjọba fẹ́ kí olú ìlú dùn ún wò, ni wọ́n bá ní àwọn máa wó ilé tó wà lórí bí éékà 70 láàárín Èkó, kí àwọn onílé àti ayálégbé kó lọ sí ilé tuntun tí LEDB ń kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní New Lagos.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbàgbé àwọn ìyá wa tó ń tajà o! Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ékòó, oníbàárà ń kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n dé Sùúrùlérè, kò sẹ́ni tó ń rà, wọ́n tún ń wọ bọ́ọ̀sì padà sí Èkó lójoojúmọ́ kí ọjà tó lè tà, owó ọkọ̀ jẹ èrè tán. Ẹbí tó ti ń gbé agboolé kan náà sì fọ́n ká. Àbúrò, wá ìwé tí Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ní 1961, ó bá àwọn tí wọ́n kó lọ sọ̀rọ̀ nígbà tọ́rọ̀ náà ṣì gbóná, mi ò rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Túndé Bọ́dé Thomas: Òótọ́ lẹ sọ mà, àmọ́ kó kọ apá kejì náà sí i. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń gba owó oṣù gbádùn ibẹ̀, ilé tiẹ̀ lọ́tọ̀, ariwo ò sí, mọ̀lẹ́bí ò lè máa já wọlé nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tí owó oṣù ń wọlé fún àti ẹni tó ń tajà ò lè ròyìn àdúgbò yẹn bákan náà láé, nítorí náà bi àwọn méjèèjì.

Àdùkẹ́: Fún ìwé ìjọba, lọ sí National Archives tó wà nínú UI n'Íbàdàn, fáìlì Èkó àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀. Kó o sì mọ̀ pé 1972 ni wọ́n pa LEDB pọ̀ mọ́ àjọ ìtòlú ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́ tó di LSDPC (Lagos State Development and Property Corporation), tórúkọ LEDB ò bá jáde nínú fáìlì mọ́, LSDPC ni kó o wá.

Bàbá Àkẹ́rẹ́lé: Ó ṣeun Àdùkẹ́. Ọmọ mi, àwọn àgbà ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, fáìlì ò ní sá lọ. Bi wọ́n pé nínú ará agboolé wọn l'Ékòó, ta ló rí ilẹ̀ ẹ̀ gbà padà lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé wọn.